Arthur Holmes (1890–1965): Ẹni Tí Ó Ka Ọjọ́ Orí Ilẹ̀ Ayé, Tí Ó sì Wá Agbára Tí Ń Ti Ilẹ̀ Kiri

Arthur Holmes jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1890, tí ó sì kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965. Iṣẹ́ ńlá méjì ni a fi ń rántí rẹ̀. Èkíní ni pé ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ohun tí ó wà nínú òkúta ka ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé ní ọ̀nà tí ó ṣeé gbára lé. Èkejì ni àbá rẹ̀ pé ooru inú ilẹ̀ ń mú kí àpáta ìsàlẹ̀ máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, àti pé ìṣàn náà ni ó ń gbé àwọn ilẹ̀ ńlá kúrò ní ipò kan lọ sí òmíràn. Irú àbá kejì yìí ni àwọn onímọ̀ ń gbé wọ yàrá àyẹ̀wò lónìí, nígbà tí wọ́n bá ń fi omi ṣúgà tí ó ki bí oyin ṣe àwòṣe òpó gbígbóná tí ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ìtàn ayé Holmes jẹ́ ìtàn ẹni tí ó gbé àbá kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀rí kò tíì pé, tí ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rí kò tíì pé, síbẹ̀ tí kò sọ àbá náà nù.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ìlú Hebburn, lẹ́bàá odò Tyne ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí Holmes sí. Iṣẹ́ ìwa-èédú àti kíkan ọkọ̀ ojú omi ni agbègbè náà fi lókìkí nígbà náà. Ẹlẹ́sìn Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì ní ọrọ̀. Nínú Bíbélì ilé wọn, a tẹ ọdún 4004 ṣáájú ìbí Kristi sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọdún tí a dá ayé. Àlùfáà àgbà James Ussher ni ó ṣírò ọdún náà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ohun tí ó ya ọmọdé náà lẹ́nu ni mẹ́rin tí ó lé lórí ẹgbàajì. Kò yé e ìdí tí ọdún ìṣẹ̀dá kò fi jẹ́ ẹgbàajì gééré.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ ní Gateshead, ó bá ìdáhùn mìíràn pàdé sí ìbéèrè kan náà. Lord Kelvin, àgbà nínú ìmọ̀ físíìsì ní Ìlú Ọba, ti gbà pé ilẹ̀ ayé dà bí irin tí a yọ nínú iná, tí ń tutù lọ. Ó ṣírò iye ọdún tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò fi tutù dé bí ó ti wà lónìí, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1897 sí àárín mílíọ̀nù 20 àti mílíọ̀nù 40 ọdún. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ kùn, nítorí pé ìpele òkúta tí wọ́n ń rí pọ̀ ju ohun tí irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ìṣirò tí wọn yóò fi dá Kelvin lóhùn.

Ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti aago inú òkúta

Ní ọdún 1907, Holmes gba ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Royal College of Science ní Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́ùn 60 lọ́dún ni owó náà, kò sì tó o ná. Ní ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ ó fi ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ kún ti físíìsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìpinnu náà ni ó darí gbogbo ìyókù ayé rẹ̀, nítorí pé láàárín ẹ̀kọ́ méjèèjì ni ìbéèrè ọjọ́ orí ayé wà.

Ohun tuntun kan ti ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1896, Henri Becquerel ní ilẹ̀ Faransé ti rí i pé yuréníọ̀mù ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀. Láìpẹ́, a tún rí i pé irú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ ń mú ooru jáde. Ìṣirò Kelvin mì tìtì. Bí àpáta inú ilẹ̀ bá ń mú ooru tirẹ̀ wá, ilẹ̀ ayé kì í ṣe irin tí ń tutù lásán, ó sì lè ti pẹ́ ju bí Kelvin ti rò lọ.

Àwọn èròjà kan náà tún fún àwọn onímọ̀ ní aago. Yuréníọ̀mù ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di òjé, ìyípadà náà kì í sì í yára jù tàbí falẹ̀ jù. Ó ń gba nǹkan bí 4,500 mílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà. Ẹni tí ó bá mọ bí igi ṣe ń yára jó tó, tí ó sì wo eérú àti igi tí ó kù nínú ààrò, lè sọ ìgbà tí a ti dá iná náà. Bákan náà ni ẹni tí ó bá wọn yuréníọ̀mù àti òjé tí ó wà nínú òkúta kan lè sọ ìgbà tí òkúta náà dì. Bertram Boltwood ní Amẹ́ríkà ti dábàá ọ̀nà yìí ní ọdún 1907. Lábẹ́ àmójútó Robert Strutt, Holmes mú un, ó sì ṣe é pẹ̀lú sùúrù tí ó ju ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó ń lọ òkúta kúnná, ó ń yọ́ ọ, ó sì ń wọn èròjà tí kò tó nǹkan lójú.

Ní ọdún 1911 ni a tẹ àbájáde iṣẹ́ náà. Òkúta kan láti Nọ́wè, tí ó wá láti sáà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Devonian, jẹ́ ọmọ 370 mílíọ̀nù ọdún. Òmíràn láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka báyìí, ju 1,600 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ọmọ ọdún 21 ni Holmes nígbà náà.

Ìrìn àjò sí Mòsáńbíìkì

Gbèsè kò jẹ́ kí ó jókòó ti iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1911 kan náà, ó gba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà láti lọ wá ohun àlùmọ́ọ́nì ní Mòsáńbíìkì, fún pọ́ùn 35 lóṣù. Kò rí ohun tí ó lówó lórí kó bọ̀. Ibà mú un níbẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lára débi pé ìròyìn ikú rẹ̀ dé ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó là á já, ṣùgbọ́n ibà náà ń padà dé bá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èrè tí ó mú ti Áfíríkà bọ̀ ni ìfẹ́ sí àwọn òkúta àtayébáyé ilẹ̀ náà, ìfẹ́ yìí kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó.

Nígbà tí ó padà, ó di olùkọ́ kékeré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1913 ó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Age of the Earth, tí ó dá lórí ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé. Ìwé náà bá àtakò pàdé láti ibi tí a kò fọkàn sí. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n ti bá Kelvin jà nítorí pé ọdún rẹ̀ kéré jù wá sọ pé ọdún Holmes pọ̀ jù. Àwọn kan lára wọn ti fi iyọ̀ inú òkun ṣírò nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún, ó sì ti bá wọn lára mu. Holmes ní láti tún iṣẹ́ náà ṣe léraléra, kí ó máa fi ọjọ́ orí òkúta kan ti òmíràn lẹ́yìn, títí tí àtakò náà fi rọlẹ̀. Ó gbé Margaret Howe níyàwó ní ọdún 1914, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1917.

Òfò ní Bọ́mà

Owó olùkọ́ kò tó bọ́ ìdílé. Ní ọdún 1920, Holmes gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí ń wa epo rọ̀bì ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà náà yóò lọ jagun sí ní àwọn ọdún 1940. Ilé-iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀, a kò sì san owó tí ó tọ́ sí i. Èyí tí ó burú ju àdánù owó lọ ni ikú Norman, ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ìgbẹ́ ọ̀rìn pa síbẹ̀. Tọkọtaya náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọdún 1922 láìsí ọmọ, láìsí owó, láìsí iṣẹ́.

Fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí ó ti ka ọjọ́ orí ayé ń ta ọjà nínú ìsọ̀ kan ní Newcastle, níbi tí ó ti ń ta àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Éṣíà. Ní ọdún 1924, Yunifásítì Durham pè é láti wá dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ sílẹ̀. Òun nìkan ni olùkọ́ ẹ̀ka náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ kejì tí ó mú orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀.

Àbá ìṣàn ooru

Láti ọdún 1912 ni Alfred Wegener, ará Jámánì, ti ń sọ pé àwọn ilẹ̀ ńlá ayé kì í dúró sójú kan. Ó tọ́ka sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ti ìlà-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ó bára wọn mu bí ègé ìkòkò tí ó fọ́. Ó tọ́ka sí àwọn òkúta àti àmì ẹranko àtijọ́ tí ó jọra ní apá méjèèjì òkun. Àìlera ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò rí agbára tí ó tó láti gbé ilẹ̀. Àwọn tí ó dárúkọ kò lè mi òkè kan, áḿbọ̀sì Áfíríkà. Ìdí yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ẹ̀rí yòókù tí ó kó jọ.

Holmes gba ọ̀nà mìíràn dé ibi ìbéèrè náà. Ó ti mọ iye ooru tí àwọn èròjà olóòótọ́ rẹ̀ ń mú jáde nínú òkúta, nítorí pé àwọn kan náà ni ó fi ṣe aago. Ìṣirò fi hàn án pé bí ooru náà bá wà káàkiri inú ilẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé láti òkúta sí òkúta nìkan ni ó ń rìn jáde, yóò máa pọ̀ sí i nísàlẹ̀ ju bí ó ti ń jáde lọ. Ó di dandan kí ó ní ọ̀nà mìíràn tí ó ń gbà jáde. Ọ̀nà náà, lójú Holmes, ni pé kí àpáta gbígbóná fúnra rẹ̀ gòkè wá, kí ó tutù lókè, kí ó sì padà rì sísàlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹjú mọ́ ìkòkò ẹ̀wà lórí iná ti rí irú ìṣàn yìí. Omi tí iná mú gbóná nísàlẹ̀ á fúyẹ́, á sì gbé ẹ̀wà gòkè. Bí ó bá dé òkè, á tàn sí ẹ̀gbẹ́, á tutù díẹ̀, á sì tún rì. Henri Bénard ti ṣe àyẹ̀wò èyí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1900 pẹ̀lú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó mú gbóná láti ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1916, Lord Rayleigh, bàbá Strutt tí ó kọ́ Holmes, fi ìṣirò ṣàlàyé ìgbà tí irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ó dá lórí bí ohun náà ti ki tó, bí ooru ìsàlẹ̀ ti ju ti òkè lọ tó, àti ní pàtàkì jù lọ, bí ó ti jìn tó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mantle, ìyẹn ìpele àpáta tí ó wà láàárín èèpo ilẹ̀ àti ọkàn ayé, jìn tó nǹkan bí 2,900 kìlómítà. Jíjìn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ohun tí ó ki gan-an ṣàn.

Ní ìparí ọdún 1927 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1928, Holmes sọ èrò rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Skọ́tílándì, a sì tẹ ọ̀rọ̀ náà ní Glasgow ní ọdún 1931. Ó ní ooru ń kó jọ sábẹ́ ilẹ̀ ńlá bí ìgbà tí a da aṣọ bo ìkòkò. Àpáta gbígbóná á gòkè síbẹ̀, á yà sọ́tùn-ún àti sósì, á sì fa ilẹ̀ náà ya sí méjì. Òkun tuntun á là láàárín. Ní ibi tí ìṣàn méjì bá ti pàdé tí wọ́n sì rì, àpáta ìsàlẹ̀ òkun á wúwo sí i, á bá wọn rì, òkè gíga á sì yọ lẹ́bàá ibẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún ni ìrìn náà, bí èékánná ṣe ń hù. Ẹni tí ó bá fi ọdún ènìyàn wọ̀n ọ́n yóò rò pé kò sí ìrìn rárá. Ṣùgbọ́n Holmes ni ó ti fún ayé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún, ó sì mọ ohun tí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lè dà láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ooru tí ó jẹ́ aago ni ó tún jẹ́ agbára.

Àtakò àti iyèméjì

Alátakò tí ó lágbára jù lọ ni Harold Jeffreys, ọ̀gá nínú ìṣirò nípa ilẹ̀ ayé, tí a bí ní agbègbè Durham kan náà ní ọdún kan lẹ́yìn Holmes. Jeffreys fi hàn pé ìmìtìtì ilẹ̀ ń rán ìgbì gba inú mantle kọjá ní irú ọ̀nà tí ìgbì lè gbà kọjá nínú ohun líle nìkan. Bí ó bá le bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe ṣàn? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí a lè rí lójú títì. Ọ̀dà tí ó dì á fọ́ bí a bá fi òòlù lù ú, síbẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á ṣàn. Ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, ọ̀dà kan wà nínú àrọ láti ọdún 1927, ẹ̀kán kan sì ń já bọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Le tàbí rọ̀, ọ̀rọ̀ àkókò ni. Àpáta tí ó le fún ìgbì ìṣẹ́jú díẹ̀ lè rọ̀ fún ìfàyà mílíọ̀nù ọdún.

Holmes kò pe àbá rẹ̀ ní òtítọ́ tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé irú èrò bẹ́ẹ̀, tí a gbé kalẹ̀ láti bá ìṣòro kan mu, kò ní iyì nínú sáyẹ́ǹsì títí ẹ̀rí yóò fi ti ibòmíràn wá gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 1953 pàápàá, ó jẹ́wọ́ pé ọkàn òun ṣì ń ṣiyèméjì sí ìrìn ilẹ̀, pé lójú onímọ̀ nípa ilẹ̀ bí òun, ó ṣòroó gbà gbọ́. Síbẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kọ ìwé Principles of Physical Geology láàárín ogun, tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1944, ìrìn ilẹ̀ àti àwòrán ìṣàn ooru ni ó fi parí rẹ̀. Ìwé náà di ìwé ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ó sì jẹ́ kí ìran akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò jẹ́ mẹ́nu bà.

Àbá náà nínú yàrá àyẹ̀wò

Ìṣòro tí ó wà níwájú ẹni tí ó bá fẹ́ dán àbá Holmes wò ni pé mantle jìn ju ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbẹ́ dé, ìrìn rẹ̀ sì gùn ju ọjọ́ ayé ènìyàn lọ. Ní ọdún 1937, M. King Hubbert ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé òfin tí àwòṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Bí a bá sọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà di sẹ̀ǹtímítà, tí a sì sọ mílíọ̀nù ọdún di wákàtí, a gbọ́dọ̀ dín líle ohun tí a fi ṣe é kù ní ìwọ̀n tí ó bá a mu. Òkúta gidi le jù fún àwòṣe ilẹ̀ ayé. Ohun tí ó rọ̀ bí ẹrẹ̀, tàbí tí ó ki bí oyin, ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù.

Ní ọdún 1939, David Griggs fi òfin yìí ṣiṣẹ́. Ó fi ohun tí ó ki ṣe mantle, ó fi ìpele fẹ́lẹ́ bò ó lórí gẹ́gẹ́ bí èèpo ilẹ̀, ó sì ń yí ìlù méjì nínú rẹ̀ láti dípò ìṣàn ooru. Bí àwọn ìlù náà ti ń yí, wọ́n fa èèpo náà sísàlẹ̀ ní àárín, ó ká jọ, ó sì nípọn bí ìdí òkè ńlá. Àwòṣe náà kò fi hàn pé mantle ń ṣàn. Ohun tí ó fi hàn ni pé bí ó bá ń ṣàn, ohun tí Holmes sọ lè tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn ikú Holmes ni irú àyẹ̀wò yìí gbilẹ̀. Ní ọdún 1963, J. Tuzo Wilson, ará Kánádà, ti ṣàlàyé pé àwọn erékùṣù Hawaii tò tẹ̀lé ara wọn nítorí pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ń kọjá lórí ibi gbígbóná kan. Ní ọdún 1971, W. Jason Morgan dábàá pé òpó àpáta gbígbóná tí ń ti ìsàlẹ̀ mantle gòkè ni ó ń bọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ìṣàn fífẹ̀ tí Holmes yà lábẹ́ ilẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ooru kan náà ni ó ń ti àwọn méjèèjì.

Láti mọ bí òpó náà ṣe lè rí, àwọn onímọ̀ yíjú sí omi ṣúgà glúkóòsì. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé bí ó bá gbóná, ó ń rọ̀ gidigidi, bí ó bá sì tutù, ó ń ki gidigidi. Bí àpáta mantle ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ní ọdún 1990, Ross Griffiths àti Ian Campbell ní Ọsirélíà tẹ àbájáde irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n rọ omi ṣúgà tútù sínú agbada tí a lè rí inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi omi ṣúgà gbígbóná wọlé láti ìsàlẹ̀. Èyí tí ó gbóná kò lè yára gòkè, nítorí pé èyí tí ó tutù dí i lọ́nà. Ó kọ́kọ́ wú bí orí olú, ìgbà tí ó tóbi tó ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń tẹ̀lé e láti ìsàlẹ̀. Bí orí náà ti ń gòkè, ó ń fa èyí tí ó tutù láyìíká rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń tóbi sí i. Nígbà tí ó dé òkè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ohun tí wọ́n rí nínú agbada náà jọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí lórí ilẹ̀. Orí òpó lè ṣàlàyé ibi tí ìṣàn òkúta yíyọ́ ti bo ilẹ̀ gbalasa láàárín ìgbà díẹ̀, irú bí ti Deccan ní Íńdíà ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìrù rẹ̀ sì lè ṣàlàyé òkè ayọnáyèéfín tí ń bá a lọ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí iye òpó tí ó wà àti bí wọ́n ti jìn tó. Ní ti pé mantle ń ṣàn, àríyànjiyàn náà ti parí.

Ẹ̀rí láti Gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì

Ẹ̀rí tí Holmes ní kí a dúró dè wá láti oríṣiríṣi ibi. Ní ọdún 1962, Harry Hess ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ìsàlẹ̀ òkun ń di tuntun láàárín, ó sì ń rì létí. Ní ọdún 1963, Fred Vine àti Drummond Matthews rí àmì rẹ̀ nínú agbára òòfà àwọn òkúta ìsàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí ó kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n, aago Holmes sì ni a fi rí i.

Ní ọdún 1967, Patrick Hurley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Brasil ka ọjọ́ orí àwọn òkúta Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí ààlà kan tí ó wọ inú òkun nítòsí Accra ní Gánà. Ní ìwọ̀-oòrùn ààlà náà, àwọn òkúta jẹ́ ọmọ nǹkan bí 2,000 mílíọ̀nù ọdún. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wọ Nàìjíríà, wọ́n jẹ́ ọmọ nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Ọ̀pọ̀ gíránáìtì ilẹ̀ Yorùbá, irú èyí tí ó ga ní Ìdànrè, wà nínú ìran kejì yìí. Bí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà bá ti so pọ̀ rí, ó yẹ kí ààlà náà tún yọ ní Brasil nítòsí ìlú São Luís. Wọ́n wá a lọ síbẹ̀, ìran òkúta méjèèjì sì wà ní ibi tí ìṣirò sọ pé wọn yóò wà.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ipò rẹ̀ nínú ìmọ̀

A yan Holmes sínú ẹgbẹ́ Royal Society ní ọdún 1942, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Edinburgh ní ọdún 1943. Margaret ti kú ní ọdún 1938. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gbé Doris Reynolds níyàwó, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí òun náà lórúkọ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1946 ó lo oríṣiríṣi òjé inú òkúta láti ṣírò pé ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ti tó 3,000 mílíọ̀nù ọdún ó kéré tán. Clair Patterson ní Amẹ́ríkà gbé e dé nǹkan bí 4,550 mílíọ̀nù ọdún ní ọdún 1956. Holmes tún ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn òkúta ayọnáyèéfín ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà. Ìfẹ́ tí ó mú bọ̀ láti Mòsáńbíìkì kò tíì kú.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1956, ọdún tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Wollaston àti ti Penrose. Ní ọdún 1964 ó gba ẹ̀bùn Vetlesen. Ó lo ọdún ìfẹ̀yìntì láti tún ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ, ẹ̀dà kejì sì jáde ní ọdún 1965, ọdún tí ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọ ọdún 75. Ọdún méjì ni ó kù kí a tó ka òkúta Accra àti São Luís, ọdún mẹ́fà kí a tó gbọ́ orúkọ òpó gbígbóná, ọdún 25 kí agbada omi ṣúgà Ọsirélíà tó fi orí olú rẹ̀ han ayé.

Holmes kò rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rí náà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí bí ó ti ṣe nígbà tí kò tíì rí wọn. Nípa ọjọ́ orí òkúta, níbi tí ó ti ní ẹ̀rí, ó dúró gbọn-in títí tí àwọn yòókù fi gbà. Nípa ìṣàn inú ilẹ̀, níbi tí ẹ̀rí kò tíì dé, ó pe àbá ní àbá, ó sọ irú ẹ̀rí tí yóò tì í lẹ́yìn, ó sì fi í sínú ìwé kí àwọn tí ń bọ̀ lè wá ẹ̀rí náà rí.